Ọwọ́ Ọmọdé Kò Tó Pẹpẹ: Ìtàn Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń Ran Akẹ́kọ̀ọ́ Lọ́wọ́ nínú Yàrá Kọ̀ǹpútà

 

Ìfáárà

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹni tí kò bá wọ inú rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ì tíì gba oyè àkọ́kọ́ ni ó máa ń jókòó ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú yàrá kọ̀ǹpútà, tí ó ń tọ́ wọn sọ́nà nígbà tí iṣẹ́ bá takú mọ́ wọn lọ́wọ́. Níbòmíràn, owó ni wọ́n ń san fún un. Níbòmíràn ẹ̀wẹ̀, yúníìtì ni wọ́n ń kọ sílẹ̀ fún un, bí ẹni pé ó jókòó ní kíláàsì kan tí ó sì yege níbẹ̀.

Ìbéèrè mi ni èyí: kí ni yúníìtì yẹn dúró fún? Ṣé ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ náà kọ́ ni, tàbí iṣẹ́ tí ó bá wa ṣe? Èrò mi ni pé ìtàn ti dá wa lóhùn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Níbi tí a bá ti ń kọ́ olùrànlọ́wọ́ bí a ti ń lò ó, ẹ̀kọ́ ni. Níbi tí a bá ti ń lò ó láìkọ́ ọ, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni, orúkọ yòówù tí a bá pè é.

Ìpilẹ̀ṣẹ̀ ọ̀rọ̀

Ọ̀rọ̀ yìí ti wà kí kọ̀ǹpútà tó dé. Ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, Andrew Bell, àlùfáà ọmọ ilẹ̀ Scotland, ń ṣe alábòójútó ilé àwọn ọmọ òrukàn ní Madras ní ilẹ̀ Íńdíà. Nígbà tí àwọn olùkọ́ abẹ́ rẹ̀ kọ̀ láti lo ọ̀nà tuntun tí ó là sílẹ̀, ó fi ọmọkùnrin kan láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe olùkọ́ àwọn tí ń kọ́ a-b-d. Ó tẹ ìwé jáde lórí ohun tí ó rí ní ọdún 1797. Ní ọdún 1798, Joseph Lancaster bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé tirẹ̀ fún àwọn ọmọ tálákà ní Southwark, ní ìlú London, lórí irú ètò kan náà: akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ̀ díẹ̀ ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ̀. Mọ́nítọ̀ ni wọ́n ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí Lancaster fi ń fọ́nnu ni pé olùkọ́ kan ṣoṣo lè kọ́ ẹgbẹ̀rún ọmọ.

Ètò yìí kàn wá ju bí a ti rò lọ. Àjàyí Crowther, tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní ọdún 1821, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì gbà sílẹ̀ lójú òkun ní ọdún 1822, kọ lẹ́tà kan ní ọdún 1837 nípa ìrìn-àjò ayé rẹ̀. Ó ní kò ju nǹkan bí oṣù mẹ́fà lọ tí òun bẹ̀rẹ̀ ìwé ní Sierra Leone tí òun fi ń ka Májẹ̀mú Tuntun, tí wọ́n sì fi òun ṣe mọ́nítọ̀, pẹ̀lú owó pẹ́nì 7½ lóṣooṣù. Ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí rẹ̀ dáadáa. Ẹni tí ó wá di àgbà nínú àwọn olùkọ̀wé èdè wa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ nígbà tí òun alára ṣì ń kọ́ ìwé kíkà, wọ́n sì san owó fún un.

Ṣùgbọ́n ètò mọ́nítọ̀ ní àbùkù. Kò gbówó lórí, nítorí náà ni àwọn aláṣẹ ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Síbẹ̀ ohun tí mọ́nítọ̀ mọ̀ kò jìn, kò sì sí ẹni tí ó ní àkókò láti jin ìmọ̀ rẹ̀ fún un. Ní ọdún 1846, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ètò mìíràn kalẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá yóò fi ọdún márùn-ún kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Yóò máa gba owó lọ́dọọdún. Ọ̀gá ilé-ìwé yóò sì máa fi wákàtí kan àti ààbọ̀ kọ́ ọ lójoojúmọ́, ìjọba yóò sì san owó fún ọ̀gá náà nítorí ìkọ́ni yẹn. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ètò méjèèjì kò ju ẹyọ kan lọ: nínú èkejì, a kọ́ ẹni tí ń kọ́ni. Ìyàtọ̀ yìí ni kí a fi sọ́kàn bí a ti ń bọ̀ lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà.

Bí kọ̀ǹpútà ṣe gbé ọ̀rọ̀ náà dìde padà

Ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Dartmouth, John Kemeny àti Thomas Kurtz pinnu ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 pé gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ni kọ̀ǹpútà yóò wà fún, gẹ́gẹ́ bí ilé ìkàwé ti wà fún gbogbo ènìyàn. Nígbà náà, ẹni tí ó bá fẹ́ lo kọ̀ǹpútà yóò lu iṣẹ́ rẹ̀ sórí káàdì oníhò, yóò fi í sílẹ̀, yóò sì padà wá gba èsì nígbà tí ó bá yá. Kemeny àti Kurtz fẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè jọ lo ẹ̀rọ kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ì tíì gboyè ni ó bá wọn ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Ní ìdájí ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 1964, ètò yìí jí, pẹ̀lú èdè kọ̀ǹpútà tuntun tí wọ́n sọ ní BASIC.

Ní ọdún 1965, Andries van Dam dé Yunifásítì Brown. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ó ti ń lo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ì tíì gboyè láti bá a kọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Àṣà náà fìdí múlẹ̀ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìwé ètò ẹ̀kọ́ Brown fi wá ní ẹ̀kọ́ méjì fún un: ọ̀kan fún yúníìtì kíkún, èkejì fún ìdajì. Ìkọ́ṣẹ́ ni orúkọ tí wọ́n fún un nínú ìwé náà. Ẹni tí wọ́n bá ti yàn ṣe olùrànlọ́wọ́ nìkan ni ó lè gbà á.

Ẹ lè bi mí pé, kí ló dé tí ó fi jẹ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ni ọ̀rọ̀ yìí ti gbilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ìdí méjì ni mo rí. Èkínní, àṣìṣe inú prógíráàmù kì í dúró de ọjọ́ kíláàsì. Àmì kékeré kan tí akẹ́kọ̀ọ́ gbàgbé lè dá a dúró láti alẹ́ di òwúrọ̀, kó sì jẹ́ pé ìṣẹ́jú méjì ni ẹni tí ó mọ̀ ọ́n yóò fi rí i. Ènìyàn gbọ́dọ̀ wà nítòsí, ní alẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà gan-an. Èkejì, ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú àṣìṣe náà lọ́dún tí ó kọjá ṣì rántí ojú tí ó fi wò ó. Olùkọ́ àgbà ti gbàgbé. Ohun tí ó ta akẹ́kọ̀ọ́ lójú, òun kò tilẹ̀ rí i mọ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Inú kèrègbè ni púpọ̀ nínú wàhálà akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà wà.

Bí Stanford ṣe kọ́ àwọn olùkọ́ kékeré

Ní àwọn ọdún 1980, èrò pọ̀ nínú àwọn kíláàsì ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà ju ohun tí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ àgbà lè ká lọ. Ní Yunifásítì Stanford, Stuart Reges àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ì tíì gboyè ṣe aṣáájú ẹgbẹ́ kéékèèké, wọ́n sì kọ àpilẹ̀kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1988. Eric Roberts àti àwọn mìíràn tún ròyìn bí ó ti ń lọ sí ní ọdún 1995.

Ohun tí ó wù mí jù nínú ètò Stanford ni bí wọ́n ṣe ya ohun méjì sọ́tọ̀. Wọ́n ń san owó fún aṣáájú ẹgbẹ́ nítorí iṣẹ́ tí ó ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú ètò náà gbọ́dọ̀ tún gba ẹ̀kọ́ kan, CS198, tí ó dá lórí bí a ti ń kọ́ni ní ìmọ̀ kọ̀ǹpútà; yúníìtì sì wà lórí ìyẹn. Nígbà tí ó bá sì fẹ́ yẹ iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wò, kì í ṣe pé yóò kan kọ máàkì sí i lẹ́yìn. Yóò pe akẹ́kọ̀ọ́ náà jókòó, àwọn méjèèjì yóò jọ ka prógíráàmù náà, olúwarẹ̀ yóò sì ṣàlàyé ìdí tí ó fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Owó fún iṣẹ́, yúníìtì fún ẹ̀kọ́: mo rí òjìji ètò ọdún 1846 nínú rẹ̀.

Nígbà tí èrò pọ̀ jù

Kì í ṣe ibi gbogbo ni ọ̀rọ̀ ti dán bẹ́ẹ̀. Ní Yunifásítì California ní Berkeley, kíláàsì ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo gbà ju 1,000 ènìyàn lọ ní àwọn ọdún 2010. Ohun tí Lancaster fi ń fọ́nnu dé, àfi pé kò sí ẹni tí ó lè dá ẹrù náà rù. Wọ́n ṣe àkàbà olùrànlọ́wọ́. Ní ìsàlẹ̀ ni àwọn tí ń rìn kiri inú yàrá kọ̀ǹpútà, tí ń gba yúníìtì díẹ̀. Lókè wọn ni àwọn tí ń gba owó oṣù, tí wọ́n ń darí ẹgbẹ́ tiwọn.

Lórí àtẹ̀gùn òkè yìí ni ìjà ti ṣẹlẹ̀. Àdéhùn tí yunifásítì bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ UAW 2865 ṣe ni pé akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́wàá lọ́sẹ̀ yóò rí ìdáríjì gbà nínú owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Wákàtí mẹ́jọ ni ẹ̀ka náà gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ sí. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, onídàájọ́ tí ọ̀rọ̀ náà dé iwájú rẹ̀ pinnu pé èyí kò bá àdéhùn mu. Àwọn tí ó kàn ju 1,000 lọ, gbèsè náà sì tó nǹkan bí mílíọ̀nù márùn-ún dọ́là. Ní Brown pàápàá, níbi tí àṣà yìí ti pẹ́, àwọn olùrànlọ́wọ́ ẹ̀ka kọ̀ǹpútà dìbò ní ọdún 2023 láti dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀.

N kò sọ èyí láti fi àwọn ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣẹ̀sín. Ohun tí mo ń fà yọ ni pé àwọn tí ń gba owó ní àdéhùn tí wọ́n lè tọ́ka sí, wọ́n sì ní ẹni tí yóò bá wọn ro ẹjọ́. Ta ni yóò bá ẹni tí ń gba yúníìtì rò ó? Bí wọn kò bá kọ́ ọ ní ohunkóhun, ibo ni yóò ti fi ẹjọ́ sùn? Akẹ́kọ̀ọ́ náà tilẹ̀ ti san owó ilé-ẹ̀kọ́ kí ó tó lè gba yúníìtì ọ̀hún. Bí kò bá sí ẹ̀kọ́ nínú rẹ̀, a jẹ́ pé òun ni ó sanwó kí ó tó ṣiṣẹ́ fún wa.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ti ara mi kún un ní ṣókí. Nígbà tí mo wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì tí n kò ní dárúkọ, odindi ọdún kan ni mo fi ń ṣí yàrá kọ̀ǹpútà ní ìrọ̀lẹ́, tí mo ń bá àwọn ọmọ ọdún kìíní wá àṣìṣe inú iṣẹ́ wọn. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí mo rò pé mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí olùkọ́ kan tí ó béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ni mo rí níbẹ̀. Kò sì sí ìlà kan ṣoṣo nípa rẹ̀ nínú ìwé èsì mi. Owó kọ́ ni ó dùn mí. Ohun tí ó dùn mí ni pé ẹ̀kọ́ tí ó tóbi jù tí mo kọ́ lọ́dún náà, ilé-ẹ̀kọ́ mi kò mọ̀ pé mo kọ́ ọ.

Àsọkágbá

Àwa náà kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ìsọ̀ alágbẹ̀dẹ àti ti aránṣọ, àgbà ọmọ-iṣẹ́ ni ó ń fi bí a ti ń di irinṣẹ́ mú han èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀gá wà lára àwọn méjèèjì, ọjọ́ ìgbòmìnira sì ń bọ̀. Láti ọdún 1973 ni ètò SIWES ti ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lọ sí ibi iṣẹ́. Wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n ṣe sínú ìwé àkọsílẹ̀, olùkọ́ ń lọ bẹ̀ wọ́n wò, yúníìtì sì wà lórí rẹ̀. A ti gbà nìyẹn pé iṣẹ́ lè di ẹ̀kọ́, bí àkọsílẹ̀ bá wà, tí ẹni tí yóò kà á sì wà.

Nítorí náà, bí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan lọ́dọ̀ wa bá fẹ́ fi yúníìtì fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ń ṣe ìrànlọ́wọ́ nínú yàrá kọ̀ǹpútà, ohun mẹ́rin ni mo fi bẹ̀ wọ́n. Kí olùkọ́ kan pàtó máa bá àwọn olùrànlọ́wọ́ jókòó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kí wọ́n máa kọ àṣìṣe tí wọ́n bá pàdé sílẹ̀ àti bí wọ́n ti ṣàlàyé rẹ̀. Kí wákàtí iṣẹ́ wọn ní ààlà tí a kọ sílẹ̀, kí a sì san owó lórí èyí tí ó bá kọjá ààlà náà. Ìkẹrin, kí a má ṣe fi máàkì ìdánwò àṣekágbá ẹlẹgbẹ́ wọn sí wọn lọ́wọ́, nítorí ọ̀rẹ́ àti ìjà kò jìnnà sí ara wọn láàrin ọ̀dọ́.

A ń sọ pé bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, yóò bá àgbà jẹun. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti wẹ ọwọ́ rẹ̀, tí a wá ní kí ó máa bu oúnjẹ fún gbogbo ilé láìjẹ́ kí òun fọwọ́ kan àwo, a kò pè é wá jẹun mọ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí a fi àyè sílẹ̀ fún un nídìí àwo.