Ìbọn Adákì àti Ọ̀rọ̀ Tí Yóò Máa Bá A Gbé

Ọ̀rọ̀ ìbọn kì í ṣe ohun tó ṣọ̀wọ́n ní ìlú Accra. Akan ń pe ìbọn ní tuo, Ewe ń pè é ní tu, Hausa ń pè é ní bindiga. Nígbà tí ẹ̀tù sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọkọ̀ àwọn Òyìnbó gúnlẹ̀ sí etíkun, Akan kò yá orúkọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, wọ́n ní atuduro, èyí tí í ṣe oògùn ìbọn, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ń jẹ́ títí di òní olónìí. Àwa Yorùbá, tí àwọn baba wa tẹ̀dó sí àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Lagos Town kí ó tó di Accra New Town, kò gbé ọwọ́ òfìfo wá síbẹ̀: a ní ẹ̀tù, a ní ọta, a ní apátí tí ìka ń fà, a ń ki ìbọn, a ń yìn ín, ó ń dún tàbí kí ó kọ̀, àwọn àgbà sì ti pa á lówe pé, ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọjú rẹ̀ kọ òun? Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yìí kò fojú rí pápá ìyìnbọn Teshie, síbẹ̀ òfin tí wọ́n fi ń kọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ìbọn mú ní pápá gbogbo láyé ni ó sọ tán yìí: má ṣe kọjú rẹ̀ sí ohun tí o kò fẹ́ pa, ìbáà dá ọ lójú pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n wa ni ìgbà tí ìbọn kúrò ní ṣakabùlà. Àwọn ọmọ Gold Coast àti ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n jọ ja ogun Bọ́mà, Lee-Enfield ni wọ́n gbé lọ́wọ́, ìbọn tó ń gba ọta mẹ́wàá, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé lẹ́yìn ọta kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ ni ṣọ́jà yóò fi fa irin ẹ̀yìn rẹ̀ kí èèpo ọta tó ti jó lè bọ́ sílẹ̀, ọwọ́ náà ni yóò sì fi tì í padà kí òmíràn lè wọlé. Afọwọ́kì ni mo ń pe irú èyí. Ní 28 February 1948, nígbà tí àwọn ológun tó ti ogun náà bọ̀ ń rìn lọ sí Christiansborg láti fi ẹ̀dùn ọkàn wọn tó gómìnà létí, tí ọ̀gá ọlọ́pàá sì yìnbọn lù wọ́n ní oríta, tí Sergeant Adjetey, Corporal Attipoe àti Private Odartey Lamptey fi ṣubú, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ kò tíì fi Lee-Enfield sílẹ̀. Ọdún 1954 ni wọ́n tó gba ìbọn tí Dieudonné Saive ṣe ní ilé-iṣẹ́ FN ní Herstal, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù. FAL ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ ní SLR, ó sì tàn dé orílẹ̀-èdè tó lé ní àádọ́rùn-ún, Gánà àti Nàìjíríà sì wà nínú wọn. Ogún ọta ni apó rẹ̀ ń gbà. Mo mọ̀ọ́mọ̀ pè é ní apó ni, nítorí inú apó ni ọdẹ ń kó ọfà sí, n kò sì rí ìdí tí ọta kò fi ní jogún ilé ọfà.

Bí ọta bá ti ń gba ọ̀fun ìbọn yìí lọ, díẹ̀ nínú èéfín ẹ̀tù tó ń tì í yóò yà sínú ihò kékeré kan lókè, yóò ti irin kan sẹ́yìn, irin yìí yóò gbá èyí tó sé ìdí ọta lẹ́yìn, èèpo yóò sì fò jáde. Sípíríǹgì yóò dá irin tó sé ìdí ọta náà padà, bí ó sì ti ń padà bọ̀ ni yóò ha ọta tuntun wọlé láti inú apó. Irin tó ń lọ tó ń bọ̀ yìí ni mo sọ ní alọbọ̀, kí ojú tó ṣẹ́ ni ó sì ti lọ tó ti bọ̀. Ìbọn náà ni ó dá ara rẹ̀ kì, nítorí náà adákì ni kí ó máa jẹ́. Ṣùgbọ́n kì í dá ara rẹ̀ yìn: ìka gbọ́dọ̀ tú apátí sílẹ̀, kí ó tún un fà, kí ọta kejì tó lè jáde. Èyí tó bá ń da ọta jáde níwọ̀n ìgbà tí ìka bá ṣì wà lórí apátí, adáyìn ni tirẹ̀. Àwọn oníwèé ìròyìn wa fẹ́ràn láti da méjèèjì pọ̀ sábẹ́ arọ̀jò-ọta, bẹ́ẹ̀ SLR ti Gẹ̀ẹ́sì kò rọ òjò kankan, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni ó ń sọ̀.

Wàyí o, bí ẹnì kan bá gba adákì tuntun, Òyìnbó a ní kí ó fọ́ ọ wọlé. Bí a bá fi ẹsẹ̀ kan ẹsẹ̀ kan tẹ̀lé ọ̀rọ̀ yìí, a ó sọ fún ọ̀gá pé a fẹ́ lọ fọ́ ìbọn, ọ̀gá yóò sì gbà á lọ́wọ́ wa. Èdè wa kò ṣàìní ohun tí a ó fi sọ ọ́: ọmọ-iṣẹ́ tó ti ń fi ọkọ́ ro ilẹ̀ láti ìdájí fún ìgbà díẹ̀, a ní iṣẹ́ ti mọ́ ọn lára. Ohun tí à ń ṣe fún ìbọn tuntun gan-an nìyí, a ń fi iṣẹ́ mọ́ ọn lára. Ìmọ́ra ni kí a sì pe ìgbà náà. A ó nu gírísì tí ilé-iṣẹ́ fi pa á mọ́ kúrò, a ó fi epo ìbọn díẹ̀ sí ojú ibi tí irin ti ń ra irin, a ó sì fi ọta tí agbára rẹ̀ pé yìn ín, kì í ṣe èyí tí ẹ̀tù rẹ̀ ti rẹ̀, nítorí sípíríǹgì ṣì le, ojú irin kò sì tíì bára mu. Epo díẹ̀ ni mo wí. Ní Accra, afẹ́fẹ́ òkun oníyọ̀ a máa mú kí irin gbígbẹ dógùn-ún, bí ọyẹ́ bá sì dé, eruku rẹ̀ a máa lẹ̀ mọ́ irin tí epo bá ti pọ̀ jù lára rẹ̀. Ẹni tó bá wẹ ìbọn rẹ̀ nínú epo kò yàtọ̀ sí ẹni tí kò fún un ní nǹkan kan. Ní ti àwọn tó ní kí a máa yin ọta kan, kí a nu ọ̀fun, kí a tún yin òmíràn, kí ọ̀fun ìbọn lè dán, àwọn alágbẹ̀dẹ ìbọn pàápàá kò fi ẹnu kò lórí rẹ̀. Èmi kò sì ní fi ọ̀rọ̀ àrà ọ̀tọ̀ ṣòfò lé e lórí.

Ohun kan wà lára FAL tó yẹ kí a fi ara balẹ̀ wò, èyíinì ni ìdiwọ̀n èéfín, òrùka tó ń pinnu iye èéfín tí yóò sá dànù àti iye tí yóò ṣiṣẹ́. Nínú ti Bẹ́ljíọ̀mù, a ó ṣí i sílẹ̀ gbayawu, a ó fi ọta kan ṣoṣo sínú apó, a ó yìn ín. Alọbọ̀ kò ní lè lọ sẹ́yìn tó, nítorí èéfín ti sá tán. A ó yí òrùka náà ní ìṣísẹ̀ kan, a ó tún fi ọta kan sí i, a ó tún yìn. Bẹ́ẹ̀ ni a ó máa ṣe títí alọbọ̀ yóò fi lọ dé òpin, tí yóò sì dúró lẹ́yìn lórí apó òfìfo. A ó wá fún un ní ìṣísẹ̀ méjì sí i, nítorí ìdọ̀tí ọ̀la. Ẹni tó bá fún un jù yóò mọ̀ ọ́n léjìká, irin yóò sì máa gbá irin ju bó ti yẹ lọ.

Bí ìbọn tuntun bá ń ṣe àgídí, apó ni kí a kọ́kọ́ fura sí, nítorí bí ètè rẹ̀ bá tẹ̀ díẹ̀, ọta yóò gbórí sókè jù tàbí kí ó tẹrí ba. Kí a pààrọ̀ rẹ̀, kí a pààrọ̀ irú ọta lẹ́yìn náà, kí a tó dá ọmọ Ògún Lákáayé lẹ́bi. Ní ti orúkọ àgídí náà, ọ̀rọ̀-ìṣe ni kí a kọ́kọ́ wá, ọ̀rọ̀-orúkọ yóò tẹ̀lé e, nítorí ní pápá, pípariwo ni à ń pariwo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kí a tó kọ wọ́n sínú ìwé. Ó há: ọta kọ̀ láti wọlé, tàbí èèpo kọ̀ láti jáde, tàbí èèpo dúró gangan láàárín ẹnu ọ̀nà tí alọbọ̀ kò fi lè ti í, tàbí ọta méjì ń jìjàdù ọ̀nà kan, èyí tí mo pè ní ìjàdù. Gbígbá ìdí apó, fífa alọbọ̀ sẹ́yìn kí a sì jọ̀wọ́ rẹ̀, ń tú púpọ̀ nínú wọn. Ní ti ìjàdù, ó ń fẹ́ kí a yọ apó kúrò pátápátá.

Ó kọ̀: a fa apátí, kò dún. Ọ̀rọ̀ àwọn ọdẹ ṣakabùlà ni, ó sì wúlò síbẹ̀, ṣùgbọ́n ìpẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀. Ìbọn tó kọ̀ àti ìbọn tó ń pẹ́, tí yóò dún lẹ́yìn tí ọkàn olówó rẹ̀ bá ti kúrò lára rẹ̀, ojú kan náà ni wọ́n ń fi wo ènìyàn ní ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́. Nítorí náà kò sí igbe "Ó pẹ́". Ẹni tó bá lè sọ ọ́, ìbọn ti dún fún un ná. "Ó kọ̀" ni a ó ké, a ó sì di ìbọn mú sí ibi àfojúsùn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá kí a tó ṣí i.

Ó sé: èyí ni ó burú jù. Ẹ̀tù ọta kò tó, tàbí kò sí rárá, iná ìdí ọta nìkan ló tì í, ó sì dúró sínú ọ̀fun ìbọn. Dípò gbàù, púù ni a ó gbọ́, ejìká kò sì ní mọ̀ ọ́n bí ó ti máa ń mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ti fi gbígbá ìdí apó kọ́ ọwọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe é láìronú, ibẹ̀ sì ni ewu wà, nítorí ọta kejì yóò bá èkíní nínú ọ̀fun, ọ̀pá ìbọn yóò sì bẹ́ mọ́ ọn lójú. Ọ̀gá pápá ni ó yẹ kí ó máa ké "Ó sé!" bí olówó ìbọn kò bá tilẹ̀ gbọ́, a ó yọ apó, a ó ṣí alọbọ̀, a ó rí i dájú pé kò sí ọta nídìí rẹ̀, a ó sì ti ọ̀pá gba ọ̀fun náà já kí ẹnikẹ́ni tó tún fi ìka kan apátí.