Ẹ̀rọ Minimoog àti Àfarawé Rẹ̀ Nínú Kọ̀ǹpútà: Àyẹ̀wò Ìtàn Ohun Tí Ó Ń Jẹ́ Ìró Ojúlówó

1. Ìfáàrà

Láàrin àwọn tí ń fi ẹ̀rọ ṣe orin, àríyànjiyàn kan wà tí kò tíì tán láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn: ǹjẹ́ ètò tí a kọ fún kọ̀ǹpútà lè dún bí àwọn ẹ̀rọ síntẹ́sáísà ánálọ́ọ̀gì tí a ṣe ní àwọn ọdún 1970? Apá kan ní rárá, pé ìró tí kọ̀ǹpútà ń gbé jáde tutù, kò sì ní ẹ̀mí. Apá kejì ní kò sí ìyàtọ̀ mọ́, pé ojú ni àwọn aláròyé fi ń gbọ́ orin, kì í ṣe etí. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé àwọn méjèèjì ti gba nǹkan méjì gbọ́ láìwádìí: èkíní, pé ojúlówó kan ṣoṣo ni ó wà, èkejì, pé ohun tí a ń pè ní jíjọra kò yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìtàn kò ti èyíkéyìí nínú méjèèjì lẹ́yìn. Minimoog ni a ó fi ṣe òpó àlàyé wa. A ó sì mú Prophet-5 kún un níbi tí ó bá ti yẹ.

2. Ẹ̀rọ náà àti bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Ní 1964 ni Robert Moog, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà, àti Herbert Deutsch tí ó jẹ́ olórin, ṣe àwọn ẹ̀rọ kan tí a fi agbára iná darí ìró wọn. Ní ìlú Trumansburg ní ìpínlẹ̀ New York ni ilé iṣẹ́ Moog wà nígbà náà. Àwo orin Switched-On Bach tí Wendy Carlos gbé jáde ní 1968 ni ó sọ ẹ̀rọ yìí di mímọ̀ fún gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n àpótí ńláńlá tí wáyà kún ojú rẹ̀ ni ẹ̀rọ náà, kò ṣeé gbé lọ òde eré. Minimoog tí ó jáde ní 1970 ni ó kó gbogbo rẹ̀ sínú àpótí kékeré kan tí ó ní kọ́kọ́rọ́ 44 bí ti dùùrù. Títí di 1981 tí wọ́n ṣíwọ́ rẹ̀, iye tí wọ́n ṣe lé ní 12,000.

Ohun tí a ń pè ní ánálọ́ọ̀gì ni pé iná tí ń sáré nínú wáyà fúnra rẹ̀ ni ó ń lọ sókè sódò bí ìgbì ìró ṣe ń lọ. Kò sí òǹkà kankan láàrin wọn. Orísun ìró mẹ́ta ni ó wà nínú Minimoog. Bí a tilẹ̀ yí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ohùn kan náà, wọn kì í bára mu tán. Ìyàtọ̀ kékeré yìí ni ó ń mú kí ohùn náà máa yí bí omi tí ń ru. Lẹ́yìn èyí ni ìró náà yóò gba inú asẹ́ kan tí a fi tàǹsísítọ̀ tò lérí ara wọn bí àkàsọ̀, tí Moog gba ẹ̀tọ́ onímọ̀ lé lórí ní 1969. Asẹ́ yìí ń dá àwọn ìró tí ó ga padà. Bí a bá sì ti iná tí ó pọ̀ jù sínú rẹ̀, yóò tẹ ìgbì náà kọrọdọ, ohùn yóò sì ki.

Ṣùgbọ́n tàǹsísítọ̀ kì í fara da ooru láìyí ìwà padà. Bí yàrá bá ti ń móoru ni ohùn ẹ̀rọ ń ṣí kúrò ní ipò rẹ̀, tí olórin yóò sì tún un ṣe lójú agbo. Àléébù gbáà ni àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ náà ka èyí sí, wọ́n sì tún inú rẹ̀ ṣe kí ohùn lè dúró. Nígbà tí Dave Smith ti ilé iṣẹ́ Sequential Circuits gbé Prophet-5 jáde ní 1978, kọ̀ǹpútà kékeré inú rẹ̀ ni ó ń tún ohùn ṣe. Nígbà tí ó di ẹ̀dà kẹta, ní 1980, wọ́n yọ àwọn ègé SSM tí ń ṣe ìró, wọ́n fi ti Curtis rọ́pò wọn. Nítorí náà, Prophet-5 tí a ṣe ní 1978 àti èyí tí a ṣe ní 1981 kò dún bákan náà. Èwo nínú wọn ni ojúlówó tí kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ fara wé?

3. Nígbà tí a ń pe ojúlówó ní ayédèrú

Ohun tí àwọn aláríyànjiyàn òde òní sábà máa ń gbàgbé ni pé wọ́n ti fi irú ẹ̀sùn yìí kan síntẹ́sáísà ánálọ́ọ̀gì fúnra rẹ̀ rí. Ní 1982, ẹ̀ka àárín gbùngbùn Lọ́ńdọ̀nù nínú Musicians' Union, ẹgbẹ́ àwọn olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dábàá pé kí a ká lílò rẹ̀ lọ́wọ́ kò, nítorí pé ó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí ń ta fayolíìnì. Ẹgbẹ́ náà lápapọ̀ kò gba àbá yìí wọlé. Síbẹ̀, ó jẹ́ ẹ̀rí pé lójú àwọn kan nígbà náà, ohun tí a ń pè ní ojúlówó lónìí kò ju ayédèrú lọ.

Ní 1983 ni DX7 ti Yamaha dé. Ìṣirò òǹkà ni ó fi ń ṣe ìró, gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà tí John Chowning ṣàwárí ní Yunifásítì Stanford. Ohùn rẹ̀ mọ́, kì í ṣí kúrò ní ipò. Àwọn olórin yára ta ohun àtijọ́ ní ọ̀pọ̀. Sequential Circuits sì kógbá sílé ní 1987. Nínú ọ̀pọ̀ yìí ni àwọn ọ̀dọ́ ti rí ẹ̀rọ rà. Roland ti ṣe TB-303 kí ó lè fara wé gìtá oníbáàsì, kò jọ gìtá rárá, wọ́n sì ṣíwọ́ rẹ̀ ní 1984. Ẹ̀rọ yìí gan-an ni ẹgbẹ́ Phuture ní Chicago fi ṣe Acid Tracks ní 1987. Ohun tí ó kùnà láti jọ ẹlòmíràn di ohun tí a ń wá nítorí ara rẹ̀. Ìgbà náà ni iye owó ẹ̀rọ àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.

4. Kọ̀ǹpútà àti àkísà àgbà

Ẹ̀rọ Nord Lead tí Clavia ti Sweden ṣe ní 1995 wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí ó fi òǹkà fara wé ánálọ́ọ̀gì. Ní 1997, ReBirth mú ohùn TB-303 wọ inú kọ̀ǹpútà lásán. Ní 2003, ilé iṣẹ́ Arturia ti ilẹ̀ Faransé gbé Moog Modular V jáde, Moog fúnra rẹ̀ sì fọwọ́ sí i, ọdún méjì kí ó tó kú.

Àwọn bàbá wa ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Lérò tiwa, òwe yìí ṣàlàyé ibi tí iṣẹ́ náà dé nígbà náà. Àwọn ètò wọ̀nyí ní aṣọ: wọ́n ní orísun ìró, wọ́n ní asẹ́. Àkísà ni wọn kò tíì ní. Ìdí èyí hàn nínú iṣẹ́ àwọn onímọ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá ń ka ìró ní ìgbà 44,100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìró tí ó ga ju ìdajì iye yìí lọ kì í sọnù. Ńṣe ni ó ń padà wá sísàlẹ̀ bí ìró mìíràn tí kò bá orin mu. Tim Stilson àti Julius Smith ní Stanford ṣiṣẹ́ lórí èyí ní 1996. Ní 2004, Antti Huovilainen ní Helsinki fi hàn bí a ṣe lè ṣírò kíkọrọdọ ìgbì ní àkàsọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú asẹ́ Moog. Ìṣòro mìíràn kù: nínú wáyà, ìró tí ó jáde nínú asẹ́ ń padà sí ẹnu rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n nínú kọ̀ǹpútà ó ń pẹ́ ní ìṣísẹ̀ kan. Ètò Diva tí u-he ti Berlin gbé jáde ní 2011 lókìkí nítorí pé ó yanjú èyí, bí ó tilẹ̀ wúwo lọ́rùn kọ̀ǹpútà ìgbà náà.

Lẹ́yìn èyí ni ó wá di àṣà kí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ kọ ṣíṣí ohùn nípò sínú ètò. Àléébù tí Moog àti Smith ń sá fún di ẹwà tí a ń rà. Ẹ̀rí tí ó le jù lọ ni ti Prophet-5 tí a tún ṣe ní 2020. Ánálọ́ọ̀gì ni, síbẹ̀ ó ní bọ́tìnnì kan tí a ń yí láti mú kí ohùn márààrún rẹ̀ máa yàtọ̀ síra bí ti àtijọ́. Ojúlówó pàápàá ti ń kọ́ bí a ṣe ń fara wé ara rẹ̀.

5. Èrò wa

Bí ó bá jẹ́ nínú àwo orin tí a ti parí, níbi tí ìlù, gìtá àti ohùn ènìyàn ti bo ara wọn, a gbà pé jíjọra ti dé ibi tí etí kò fi lè fi gbogbo ìgbà dá wọn mọ̀. Ẹni tí kò ní ju kọ̀ǹpútà lọ sì ti jàǹfààní ohùn tí kò bá má rí rà láéláé. Kò yẹ kí a fojú kéré èyí.

Ṣùgbọ́n òpìtàn ní ìbéèrè mìíràn. Minimoog kò ní ìrántí; bí a bá ti yí bọ́tìnnì kúrò ní ipò rẹ̀, ohùn àná ti lọ. Ohùn kan ṣoṣo ni ó lè mú jáde lẹ́ẹ̀kan. Ìnira wọ̀nyí wà lára ohun tí ó pinnu irú orin tí a fi ṣe. Ètò kọ̀ǹpútà tí ń pa ohùn mọ́ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ti mú wọn kúrò. Ní Juju Music tí King Sunny Adé gbé jáde ní 1982, síntẹ́sáísà ń dún láàrin ìlù àti gìtá. Ẹni tí ó bá fẹ́ tún ohùn náà ṣe lórí kọ̀ǹpútà lè rí i. Ìdí tí ọwọ́ olórin fi lọ síbi tí ó lọ ni kò ní rí níbẹ̀.

Ètò bẹ́ẹ̀ dà bí ìwé àfọwọ́kọ tí olóòtú kan ti tún tẹ̀: ó wúlò, ó ṣeé kà, ṣùgbọ́n ìpinnu olóòtú wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ kan, tí ó ti darúgbó dé ìwọ̀n kan, ni ó máa ń ṣe àwòkọ́ṣe. Bí a bá gbà pé ó ti rọ́pò ẹ̀rọ, kò sí ìdí tí ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé kankan yóò fi náwó lórí ẹ̀rọ àtijọ́ mọ́.

6. Àgbálọgbábọ̀

A ti fi hàn pé ojúlówó kò jẹ́ ẹyọ kan, pé ohun tí a ń pè ní àléébù ní 1970 ni a ń pè ní ẹ̀mí lónìí, àti pé òṣùwọ̀n jíjọra ń ṣí nípò bí ohùn Minimoog nínú ooru. Moog Music fúnra rẹ̀ kò yan apá kan: ó tún Minimoog ṣe ní 2016, ó gbé ètò rẹ̀ jáde ní 2018, ó sì tún padà sí ẹ̀rọ ní 2022. Kí àwa tí ń kọ ìtàn orin gba àfarawé gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, ṣùgbọ́n kí a má gbà á gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀ sí.