BÍ OHÙN ÀWỌN ÒǸKÀWÉ TI ṢE DI GBÍGBỌ́
Ọ̀rọ̀ lórí Ìtàn Àròsọ Ìmọ̀ Ìjìnlẹ̀ àti Àwọn tí Ń Kà Á

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá síwájú yín lónìí lè ṣe àjèjì létí ẹlòmíràn. Irú ìwé kan ń bẹ tí a gbé ka orí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀: ìtàn ọkọ̀ tí ó fò lọ sí inú òṣùpá, ti ẹ̀rọ tí ń gbé ènìyàn lọ sí ọjọ́ iwájú, ti àwọn ẹ̀dá tí ó ti inú ìràwọ̀ mìíràn wá. A fẹ́ sọ bí irú ìwé yìí ti ṣe bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ, a fẹ́ sọ bí àwọn tí ń kà á ti ṣe ń sọ èrò ọkàn wọn sí i, àti ohun tí ó ti inú rẹ̀ jáde.

Ẹnìkan yóò béèrè pé, Kí ni ọmọ ìjọ ní í ṣe pẹ̀lú ìtàn ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí? Ẹ jẹ́ kí a rántí wòlíì Nátánì. Nígbà tí ó tọ Dáfídì lọ, ìtàn ni ó sọ fún un, ti ọlọ́rọ̀ kan tí ó gba ọ̀dọ́ àgùntàn kan ṣoṣo tí òtòṣì ní. Ọlọ́rọ̀ náà kò sí níbì kankan, òtòṣì náà kò sì sí. Síbẹ̀ ìtàn náà mú ọba. Ẹ sì kíyèsí i pé kì í ṣe Nátánì ni ó kọ́kọ́ dá ẹjọ́. Dáfídì tí ó gbọ́ ìtàn ni ó fi ẹnu ara rẹ̀ dá a, ẹjọ́ náà sì padà sí orí òun fúnra rẹ̀. Nítorí náà ẹni tí ó bá sọ èrò rẹ̀ lórí ìtàn, ó ń fi ara rẹ̀ hàn pẹ̀lú. Kókó ọ̀rọ̀ wa nìyí, a ó sì padà sí i.

I. ÌWÉ TÍ KÒ NÍ ORÚKỌ

Ní ọdún 1815, òkè oníná Tambora bú ní erékùṣù Sumbawa ní ìhà ìlà-oòrùn ayé, eérú rẹ̀ sì bo ojú ọ̀run tó bẹ́ẹ̀ tí ìgbà ooru ọdún 1816 fi di ìgbà òtútù àti òjò ní ilẹ̀ Yúróòpù. Ní ọdún 1816 náà, àwọn ọ̀rẹ́ kan ń gbé ní ẹ̀bá adágún Geneva ní ilẹ̀ Switzerland. Òjò kò jẹ́ kí wọ́n jáde, nítorí náà Lord Byron, akéwì, dábàá pé kí olúkúlùkù wọn kọ ìtàn iwin kan. Mary, ọmọbìnrin ẹni ọdún méjìdínlógún, ẹni tí ó di aya Percy Shelley ní ìparí ọdún náà, wà láàrin wọn. Láti inú eré yìí ni ìwé Frankenstein ti jáde ní London ní oṣù January ọdún 1818.

Ìtàn ọ̀mọ̀wé kan ni, ẹni tí ó kó ẹ̀yà ara òkú jọ tí ó sì fi ìyè sí i; nígbà tí ẹ̀dá náà la ojú, ó sá fún un. Gẹ́gẹ́ bí àwa ti kà á, ẹ̀ṣẹ̀ ọkùnrin náà kì í ṣe pé ó wá ìmọ̀ nìkan. Ó bí ọmọ, ó sì kọ̀ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀dà 500 ni a kọ́kọ́ tẹ̀, ní apá mẹ́ta, a kò sì fi orúkọ òǹkọ̀wé sí i. Ta ni ó wá sọ̀rọ̀ sí ìwé náà? Àwọn ọkùnrin díẹ̀ tí ń kọ ìwé ìròyìn ńlá ni. John Wilson Croker bẹnu àtẹ́ lù ú nínú Quarterly Review. Walter Scott, ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn, yìn ín nínú Blackwood's Magazine. Ṣùgbọ́n ó rò pé Percy Shelley ni ó kọ ọ́. Kò wá sí ọkàn rẹ̀ pé obìnrin tí kò tíì ju ẹni ogún ọdún lọ ni. Nínú ẹ̀dà ti ọdún 1823 ni orúkọ Mary Shelley tó hàn lórí ìwé náà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ti ẹni tí ó fi owó ara rẹ̀ ra ìwé, tí ó kà á lálẹ́ lẹ́bàá fìtílà, kò sí ibi tí a ti lè gbọ́ ohùn rẹ̀.

II. ÀGBÀ MÉJÌ KÒ FI OHÙN ṢỌ̀KAN

Lẹ́yìn èyí, ọkùnrin méjì dìde tí a kò lè sọ ìtàn yìí kí a má dárúkọ wọn. Èkíní ni Jules Verne, ará Faransé, tí a bí ní Nantes ní ọdún 1828. Èkejì ni H. G. Wells, ará Gẹ̀ẹ́sì, tí a bí ní ọdún 1866. Nínú ìwé tí Verne tẹ̀ jáde ní ọdún 1865, àgbá ńlá kan ni a rì mọ́lẹ̀ ní Florida, tí a kì í ní ẹ̀tù, tí a sì yìn ín kí ó gbé ènìyàn mẹ́ta lọ sí ọ̀nà òṣùpá. Nínú ìwé ti Wells ní ọdún 1901, ohun àràmàǹdà kan ni a ṣe tí agbára ilẹ̀ kò lè fà mọ́ra, òun ni ó sì gbé àwọn arìnrìn-àjò lọ.

Nígbà tí wọ́n béèrè èrò Verne ní ọdún 1903, kò fi ohun tí ń bẹ lọ́kàn rẹ̀ pamọ́. Ó ní òun lo ohun tí ayé mọ̀, ṣùgbọ́n Wells ń dá ohun tí kò sí sílẹ̀. Kí ó gbé irin rẹ̀ jáde kí a rí i. Àríyànjiyàn yìí kò tíì tán láàrin àwọn òǹkàwé títí di òní: ṣé kí ìtàn dúró lórí ohun tí a mọ̀, tàbí kí ó fi ohun tí a kò mọ̀ wádìí ọkàn ènìyàn?

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà kọ́ wa pé kí a má yára dá ẹjọ́. Ẹni tí a bá yìn jáde nínú àgbá bí ti Verne yóò kú lójú ẹsẹ̀, nítorí ipá ìyìnbọn náà. Síbẹ̀, ní oṣù July ọdún 1969, láti Florida kan náà ni ènìyàn mẹ́ta ti gbéra lọ sí òṣùpá nínú Apollo 11, inú òkun Pacific ni wọ́n sì bọ́ sí nígbà tí wọ́n padà, gẹ́gẹ́ bí àwọn ènìyàn inú ìtàn Verne. Ní ti Wells, irin rẹ̀ kò sí títí di òní. Ṣùgbọ́n nínú ìwé tí ó kọ ní ọdún 1898, nípa àwọn ará ìràwọ̀ Mars tí ó wá gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó rán àwọn ènìyàn rẹ̀ létí ohun tí àwọn Òyìnbó ti ṣe sí àwọn ọmọ onílẹ̀ Tasmania. Ó jẹ́ kí ẹni tí ń gba ilẹ̀ onílẹ̀ mọ bí ó ti rí lára nígbà tí a bá gba tirẹ̀. Nátánì ìgbà náà ni. Àwa tí àjèjì ti jọba lé lórí rí kò lè ka ojú ìwé náà kọjá láìdúró.

III. ÀWỌN LẸ́TÀ

Ní oṣù April ọdún 1926, Hugo Gernsback, ọmọ ilẹ̀ Luxembourg tí ó ti ṣí lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1904, bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn kan ní New York tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Amazing Stories. Irú ìtàn yìí nìkan ni ó wà nínú rẹ̀. Gbogbo ìtàn inú ẹ̀dà èkíní ni a ti tẹ̀ rí níbòmíràn. Ti Verne, ti Wells àti ti Edgar Allan Poe wà níbẹ̀. Àwọn ògbólógbòó ìwé ni ó fi ṣe ìpìlẹ̀.

Ní ọdún 1927, ó ṣí ojú ewé kan sílẹ̀ fún lẹ́tà àwọn òǹkàwé. Ohun kékeré ni èyí lójú, ṣùgbọ́n ohun ńlá ti inú rẹ̀ jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ̀wé, oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń kọ̀wé. Ẹnìkan a tọ́ka sí àṣìṣe nínú ìṣirò òǹkọ̀wé. Òmíràn a ní àwòrán ẹ̀yìn ìwé náà ń dójú ti òun níwájú ènìyàn. Pẹ̀lúpẹ̀lú, a ń tẹ orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tí ó kọ lẹ́tà. Bí ẹnìkan bá rí i pé ẹni tí ó fẹ́ràn ohun tí òun fẹ́ràn ń gbé ní ìlú kejì, kò sí ohun tí ó dí i lọ́wọ́ láti kọ̀wé sí i. Báyìí ni àwọn tí olúkúlùkù wọn ti rò pé òun nìkan ni ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣe rí ara wọn.

Èso rẹ̀ kò pẹ́. Gernsback gbé ìdíje kan kalẹ̀ pé kí àwọn òǹkàwé kọ ìtàn bá àwòrán kan mu. Obìnrin kan, Clare Winger Harris, gba ipò kẹta, a sì tẹ ìtàn rẹ̀ ní ọdún 1927 pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ gan-an. Ẹ fi èyí wé ti Mary Shelley. Ní ọdún 1930, àwọn tí ń kọ lẹ́tà sí ara wọn dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì ń tẹ ìwé kékeré tiwọn. Ní oṣù January ọdún 1937, àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì pàdé ní ìlú Leeds. Isaac Asimov, ọmọ àtìpó kan láti Rọ́ṣíà, bẹ̀rẹ̀ bí olùkọ lẹ́tà sí irú ìwé ìròyìn bẹ́ẹ̀; ní ọdún 1939 a tẹ ìtàn tirẹ̀ jáde, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn àgbà inú iṣẹ́ náà. Láti ọdún 1953 ni wọ́n ti ń fi ẹ̀bùn tí a fi orúkọ Hugo Gernsback pè fún ìwé tí ó dára jù, àwọn ọmọ àpéjọ fúnra wọn ni ó sì ń dìbò yan ẹni tí yóò gbà á.

IV. ÀBÙKÙ INÚ RẸ̀

A kò gbọdọ̀ sọ ìdajì ìtàn. Ní oṣù July ọdún 1939, wọ́n pe àpéjọ ńlá kan ní New York, wọ́n sì pè é ní ti gbogbo ayé. Níbẹ̀ gan-an ni àwọn tí ó pè é ti dí ènìyàn mẹ́fà lọ́nà kí wọ́n má wọlé, nítorí ìjà ẹgbẹ́ àti ọ̀ràn òṣèlú. Àwọn mẹ́fà náà fẹ́ràn irú ìwé yìí bí àwọn tí ó wà nínú ilé. Àwọn tí ó ti rí ohùn gbà ni ó ń gba ohùn lẹ́nu ẹlòmíràn.

Ó sì pẹ́ kí a tó gbọ́ ohùn àwọn ènìyàn dúdú láàrin wọn. Títí di ọdún 2016 kò sí ènìyàn dúdú kan tí ó gba ẹ̀bùn Hugo fún ìwé ìtàn gígùn. Ní ọdún náà N. K. Jemisin, obìnrin ará Amẹ́ríkà, gbà á, ó sì tún gbà á ní ọdún 2017 àti 2018. Ní ọdún 2019, Tade Thompson, ọmọ Yorùbá tí a bí ní London, gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ìwé rẹ̀ Rosewater, èyí tí ó fi Nàìjíríà ṣe ibùjókòó. Àwọn kan a máa wí pé ìwé àtijọ́ nìkan ni ó dára. Bí a bá ti gba ọ̀rọ̀ wọn, àwọn ìwé wọ̀nyí ì bá má rí ẹni tí yóò kà wọ́n.

V. OHUN TÍ Ó KÀN WÁ

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ohun Òyìnbó nìkan ni èyí. Láàrin ọdún 1929 sí 1930, I. B. Thomas tẹ ìtàn Sẹ̀gilọlá nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó, ní ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, àwọn òǹkàwé sì ń kọ lẹ́tà sí i nípa rẹ̀. Kí ìwé tó dé rárá, ẹni tí ń pa àlọ́ kò lè bẹ̀rẹ̀ títí àwọn ọmọ yóò fi dáhùn. Ohùn olùgbọ́ ti wà nínú ìtàn wa láti ìpìlẹ̀.

Nítorí náà ohun mẹ́ta ni a bẹ̀ yín. Èkíní: ẹ ka ìwé tán kí ẹ tó dá ẹjọ́ rẹ̀, ìbáà ṣe ti àtijọ́, ìbáà ṣe ti àná. Àwọn ará Bèróà gbọ́ ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù tayọ̀tayọ̀, síbẹ̀ wọ́n wádìí rẹ̀ lójoojúmọ́, a sì yìn wọ́n fún un. Èkejì: bí ẹ bá kà á tán, ẹ má ṣe dákẹ́, ẹ sọ ohun tí ẹ rí nínú rẹ̀ fún ẹnìkejì yín, nítorí àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ẹ̀kẹta, èyí tí ó ṣòro jù: ẹ jẹ́ kí ẹni tí kò bá yín ní ohùn kan wọlé, kí ó jókòó, kí ó sì sọ tirẹ̀.

Dáfídì bínú gidigidi sí ọlọ́rọ̀ inú ìtàn, kò mọ̀ pé òun ni. Bí a bá ń ka ìwé pa pọ̀, ẹnìkan yóò wà nítòsí tí yóò lè fi ìfẹ́ sọ fún wa pé, Ìwọ ni ọkùnrin náà. Kí Ọlọ́run fún wa ní etí láti gbọ́ ọ. Àmín.