Ìdárayá Iṣan Èémí fún Àrùn Pákínsìn

Ìdárayá iṣan èémí ni ìlànà tí a fi ń fún àwọn iṣan tí a fi ń mí lágbára, kí ẹni tí ó ní àrùn Pákínsìn lè wúkọ́ dáadáa, kí oúnjẹ má baà yà sí ọ̀nà èémí rẹ̀, kí ohùn rẹ̀ sì lè jáde. Kì í wo àrùn náà sàn, kò sì rọ́pò oògùn. James Parkinson, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ló kọ ìwé tí a fi mọ àrùn yìí, ní 1817. Ní Ìgbò-Ọrà ní Ìbàràpá, wọ́n ti wá àwọn tó ní in láti ojúlé dé ojúlé.

Ohun tó ń ṣe èémí

Àyà ènìyàn dà bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Iṣan pẹrẹsẹ kan tó pààlà láàárín àyà àti ikùn ló ń fà á ṣí, àwọn iṣan àárín egungun ìhà sì ń ràn án lọ́wọ́. Bí a bá jókòó jẹ́ẹ́, èémí a jáde fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò lè wúkọ́, kí a ké, tàbí kí a pe ẹni tó wà lókèèrè, bí iṣan ikùn àti ti ìhà kò bá ti èémí jáde. Pákínsìn a máa mú àwọn iṣan wọ̀nyí gan. Ìhà kò ní ṣí tó, ẹ̀yìn a tẹ̀, agbára èémí a sì dín kù. Ohun tí ará ilé sábà máa ń rí ni pé ohùn bàbá ti lọ sílẹ̀: àwọn tí wọ́n máa ń pe ọmọ láti ẹ̀yìnkùlé wá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń sọ àṣírí. Ìyẹn dunni, àmọ́ ikọ́ tí kò lágbára ló léwu jù. Bí itọ́, omi tàbí òkèlè bá yà sí ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró, ikọ́ ló yẹ kó lé e jáde. Bí kò bá lè lé e, òtútù àyà lè tẹ̀ lé e, ó sì wà lára ohun tó ń pa àwọn tó ní àrùn yìí jù.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é

Ẹ̀rọ kékeré kan ni wọ́n ń lò, tí fáàfù inú rẹ̀ ní sípíríǹgì. Ẹni náà á fa èémí sínú kíkún, á fi ètè mú ẹnu ẹ̀rọ náà, á sì fẹ́ ẹ gidigidi. Fáàfù kò ní ṣí àyàfi tí agbára èémí bá tó ìwọ̀n tí wọ́n fi í sí, èyí tó sábà máa ń jẹ́ ìdá 75 nínú 100 agbára tí ẹni náà lè fi tú èémí jáde. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni ó máa fẹ́ ẹ, á sinmi, á tún bẹ̀rẹ̀, títí ọ̀wọ́ márùn-ún yóò fi pé. Èyí jẹ́ 25 lójúmọ́, fún ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Ìgbà tí levodopa, oògùn Pákínsìn, bá ń ṣiṣẹ́ lára ló dára jù. Tí wọ́n bá dáwọ́ dúró, agbára náà a máa rọ díẹ̀díẹ̀.

Ní 2010, àwọn olùwádìí ní Florida gbé àbájáde ìdánwò kan jáde tí wọ́n ṣe pẹ̀lú ènìyàn 60 fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Wọ́n fún apá kan ní ẹ̀rọ gidi, wọ́n fún apá kejì ní èyí tí kò ní agbára nínú. Ní ọ̀dọ̀ àwọn tó lo ẹ̀rọ gidi, ohun tí wọ́n ń gbé mì kò yà sí ọ̀nà èémí tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ìdárayá fífa èémí sínú náà wà, ṣùgbọ́n ti títú u jáde ló kan ikọ́ ní tààrà.

Orin kíkọ sókè àti kíka nǹkan sókè láìmí sí i láàárín wúlò fún ohùn, àmọ́ wọn kò ní ìwọ̀n bíi ti sípíríǹgì. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru tí kò tíì rọlẹ̀, ẹni tó ní ìpá, àti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún ní ojú tàbí ikùn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí dókítà.

Ìgbò-Ọrà

Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lọ sí Ìbàràpá. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, onímọ̀ àrùn ọpọlọ, fẹ́ mọ iye àwọn tí àrùn ọpọlọ ń dà láàmú ní ìgbèríko, ibẹ̀ ló yàn. Wọ́n kọ́kọ́ dán ìlànà náà wò ní Ayétẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n yẹ ènìyàn 18,954 wò ní Ìgbò-Ọrà, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 1987. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ìwádìí kan jáde nínú èyí tí Ọ̀ṣúntókun àti Bruce Schoenberg ará Amẹ́ríkà ti fi iye àwọn tó ní Pákínsìn níbẹ̀ wé ti àwọn aláwọ̀ dúdú ní Copiah County, Mississippi. Láàárín àwọn tó ti kọjá ọdún 39, iye àwọn tó ní in ní Copiah jẹ́ 341 nínú 100,000, ti Ìgbò-Ọrà sì jẹ́ 67.

Ohun tó fa ìyàtọ̀ yìí ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn. Ìyàtọ̀ ọjọ́ orí nìkan kò tó láti ṣàlàyé rẹ̀, nítorí wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò. Ó ṣeé ṣe kí ibi tí ènìyàn ń gbé àti ohun tó ń fọwọ́ kàn níbẹ̀ wà lára rẹ̀, bí àwọn tó ṣe ìwádìí ṣe rò. Ó tún lè jẹ́ pé àwọn tó ní in kì í pẹ́ láyé níbi tí oògùn kò sí, tàbí pé ará ilé ka gbígbọ̀n ọwọ́ àti ìlọ́ra ìrìn sí àgbà lásán, tí wọn kò fi dárúkọ rẹ̀ fún àwọn olùbéèrè. Mo rò pé ti ìkẹyìn yìí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n iye àwọn tí wọ́n rí ní Ìgbò-Ọrà kéré débi pé yíyọ tàbí fífi ẹni méjì kún un á yí ìṣirò padà.

Ẹ̀rọ ìdárayá èémí tí a ṣàpèjúwe lókè kò díjú. Ní Èrúwà, ní Ìbàràpá kan náà, Dókítà Awójọbí, tó di olóògbé ní 2015, fi ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ṣe ẹ̀rọ tó ń yí ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò nílé ìwòsàn rẹ̀. Ohun tí alágbẹ̀dẹ tó bá fẹ́ ṣe ẹ̀rọ èémí gbọ́dọ̀ rí i dájú ni pé sípíríǹgì rẹ̀ ní ìwọ̀n tí kì í yí padà, kí fífẹ́ tòní má baà rọrùn ju tàná lọ láìjẹ́ pé iṣan ti lágbára sí i.