Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Abẹ́òkúta àti Ọkọ̀ Tí Kì Í Tètè Jí Láàárọ̀

Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀lé Ṣódẹkẹ́ dé abẹ́ Olúmọ ní 1830, ààbò ni wọ́n ń wá lọ́dọ̀ òkúta. Kò sẹ́ni tó lè rò ó nígbà náà pé òkè tó ń dá ọ̀tá dúró yẹn náà ni yóò máa ran awakọ̀ lọ́wọ́ ní kùtùkùtù ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sí i. Ìlú tó gun òkè, tó sọ̀, tó tún gun òkè ni Abẹ́òkúta. Dérébà tí bátìrì ọkọ̀ rẹ̀ ti ń rẹ̀ kì í gbé ọkọ̀ sùn sí ojú pẹrẹsẹ. Á wá ibi tó dà gẹ̀rẹ́, á fi òkúta dí táyà. Bí ilẹ̀ bá mọ́, á yọ òkúta, á tẹ kílọ́ọ̀ṣì, á ki jíà kejì bọ̀ ọ́, á jẹ́ kí ọkọ̀ máa yí lọ. Bó bá ti ń sáré díẹ̀, á jọ̀wọ́ kílọ́ọ̀ṣì lójijì, ẹ́ńjìnnì á sì dáhùn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka èyí sí ọgbọ́n ẹni tí kò lówó bátìrì tuntun. Lójú tèmi, ó ju bẹ́ẹ̀ lọ: gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni irinṣẹ́ àyẹ̀wò ọkọ̀ tó dára jù lọ tí ìlú yìí ní fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìgbà tó bọ́ lọ́wọ́ wa ni mẹkáníìkì bẹ̀rẹ̀ sí méfò.

Ìdí rẹ̀ ni pé àìsàn méjì ló ń jẹ́ orúkọ kan. Bí onímọ́tò bá dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, tó ní, ‘Ọ̀gá, ọkọ̀ mi kì í tètè jí láàárọ̀,’ kò tíì sọ nǹkan kan. Ó lè jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì kò yí dáadáa: bátìrì ti gbó, orí bátìrì ti hu funfun, wáyà tó so bátìrì mọ́ ara ọkọ̀ ti dípẹtà, tàbí sítátà fúnra rẹ̀ ló ti jẹ. Ó sì lè jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì ń yí dáadáa, àmọ́ iná kò mú un: epo tó yẹ kó wà nítòsí ti sá padà sínú táǹkì lóru, púlọ́ọ̀gì ti dúdú, tàbí epo àti atẹ́gùn kò bára mu. Ẹni tó bá fi oògùn ọ̀kan wo èkejì yóò ra bátìrì lásán. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ a máa ya méjèèjì sọ́tọ̀ láìgba kọ́bọ̀. Bí ọkọ̀ bá ń sọ̀, táyà ló ń yí ẹ́ńjìnnì, kì í ṣe bátìrì, kì í ṣe sítátà. Bí ẹ́ńjìnnì bá dáhùn lójú ẹsẹ̀, epo pé, iná pé. Ọ̀dọ̀ bátìrì àti sítátà ni ká lọ. Bó bá yí títí dé ìsàlẹ̀ òkè tí kò jí, ẹ fi bátìrì sílẹ̀.

Ẹnìkan lè béèrè pé òtútù wo ló wà nílẹ̀ Ẹ̀gbá tí a ó fi máa sọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí òtútù mú. Ìbéèrè náà tọ́. Ọyẹ́ December àti January kì í ṣe yìnyín. Ní London tàbí Chicago, òtútù a máa sọ ọ́ìlì di kíki, á sì gba agbára lára bátìrì. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ‘tútù’ lẹ́nu mẹkáníìkì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Ẹ́ńjìnnì tó sùn mọ́jú ni. Ẹ́ńjìnnì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ a máa gbóná tó nǹkan bí 90 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí àárọ̀ Abẹ́òkúta bá jẹ́ 24, ó ku 66 kó tó débẹ̀. Epo kì í tètè fẹ́ lọ sínú atẹ́gùn lára irin tí kò gbóná, ìdí nìyẹn tí ẹ́ńjìnnì tútù fi ń béèrè epo ju èyí tó ti gbóná lọ. Ní ti bátìrì, oòrùn wa gan-an ló ń pa á. Ooru á máa jẹ ẹ́ lábẹ́lẹ̀ lójoojúmọ́, àárọ̀ ni àṣírí á tú. Òtútù ilẹ̀ Òyìnbó ń dán bátìrì wò; ooru tiwa ti sọ ọ́ di arúgbó kí ìdánwò tó dé.

Kí mọ́tò tó dé rárá ni ilẹ̀ Ẹ̀gbá ti mọ̀ pé ẹ̀rọ a máa sùn. Ojú irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tẹ́ láti Èkó ní 1896 gba Abẹ́òkúta kọjá, 1901 ni wọ́n sì ṣí i títí dé Ìbàdàn. Ẹ́ńjìnnì tó ń fa ọkọ̀ ojú irin náà kì í gbéra lójijì. Ó ti tó wákàtí mélòó kan tí wọ́n ti ń dáná sí i nídìí kí omi inú rẹ̀ tó hó dójú ìwọ̀n. Kò sẹ́ni tó pe ìyẹn ní àìsàn. Mọ́tò ló kọ́ wa láti máa retí pé kí ẹ̀rọ jí ní kété tí a bá pè é, ìrètí yẹn ló sì bí iṣẹ́ àyẹ̀wò.

Ọwọ́ ni wọ́n fi ń jí àwọn mọ́tò àkọ́kọ́, bíi Ford Model T tí wọ́n ṣe láti 1908 dé 1927. Irin kan tó tẹ̀ ni wọ́n ń kì bọ iwájú ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n á fi yí i. Cadillac ti gbé sítátà oníná jáde nínú mọ́tò 1912 rẹ̀, àmọ́ ó pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn kí irin náà tó kúrò nínú lọ́rì. Ọwọ́ tó ń yí irin a máa gbọ́ràn. Ó ń mọ̀ bí ẹ́ńjìnnì ṣe le tó. Ó ń mọ̀ bóyá písítìn ṣì ń há atẹ́gùn mọ́ tàbí ríǹgì ti jẹ. Bí ẹ́ńjìnnì bá sì ta padà, ó lè dá ọwọ́ náà. Nígbà tí sítátà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọwọ́, ìmọ̀ tó wà lọ́wọ́ bá a lọ. Òkè àti etí ló kù.

Ìtàn ìlú fi Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣe obìnrin àkọ́kọ́ tó wa mọ́tò ní Abẹ́òkúta. Ohun tí a kì í fi kún un ni pé wíwa mọ́tò nígbà náà ju yíyí sítárìn lọ. Awakọ̀ gbọ́dọ̀ mọ ìwọ̀n tí yóò fa ṣóòkù, bọ́tìnì tó ń dín atẹ́gùn kù kí epo lè pọ̀ fún ẹ́ńjìnnì tútù. Ó sì gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí yóò dá a padà. Bó bá fà á jù, epo á rin púlọ́ọ̀gì gbingbin, òórùn epo á gbòde, kò sí ohun tó kù ju kéèyàn ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kó sì mú sùúrù. Awakọ̀ fúnra rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ọkọ̀ láyé ìgbà náà.

Báyìí ni ìdajì àyẹ̀wò ṣe wà lọ́wọ́ awakọ̀. Ìdajì tó kù wà lẹ́nu rẹ̀. Níbi tí èdè mìíràn ti ní láti ṣàlàyé, Yorùbá á kàn dún bí ẹ́ńjìnnì. Ó ń ṣe ‘kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́’: bátìrì ti kú tán. Ó ṣe ‘kó!’ lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́: ẹ wo sítátà. ‘Wọ̀ọ́… wọ̀ọ́… wọ̀ọ́’: iná tó ń dé ọ̀dọ̀ sítátà kò tó. ‘Wìrìwìrìwìrì’ tí kò mú: epo ni, tàbí iná púlọ́ọ̀gì. Ọmọ-iṣẹ́ lè má tíì mọ ìwọ̀n sípánà kó ti mọ ìró wọ̀nyí. Òun ni yóò jókòó sídìí sítárìn, ọ̀gá á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, á tẹ́tí. Bí ẹnìkan bá sì ti tan ọkọ̀ kí ọ̀gá tó dé, iṣẹ́ ọjọ́ náà bàjẹ́. Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ sùn síbẹ̀ di ọjọ́ kejì, nítorí ẹ̀ẹ̀kan péré lójúmọ́ ni ẹ́ńjìnnì ń tutù dáadáa tó láti jẹ́rìí sí ara rẹ̀.

Lọ́rì dísẹ́lì ní ìwà tirẹ̀. Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Ewékorò ti bẹ̀rẹ̀ ní 1960 ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń kún ọ̀nà Ìtòrí àti Pápálántò. Dísẹ́lì kò ní púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná. Atẹ́gùn tí písítìn fún pọ̀ ló ń gbóná tí epo fi ń gbiná, bí ríǹgì bá sì jẹ, ooru àárọ̀ kò ní tó. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kò wúlò níbẹ̀. Ta ni yóò jẹ́ kí ọkọ̀ tó ru sìmẹ́ńtì máa yí lọ láìsí ẹ́ńjìnnì, nígbà tí bíréèkì rẹ̀ ń retí atẹ́gùn tí ẹ́ńjìnnì ń pọ̀n fún un?

Ọkọ̀ kéékèèké ni òkè ń bá ṣọ̀rẹ́. Ní 1975, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí to Peugeot ní Kàdúná, ọdún kan náà ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí to ọkọ̀ tí a ń pè ní Ìjàpá ní Èkó. Jíà ọwọ́ ni púpọ̀ nínú wọn, kàbúrétọ̀ ló ń fún ẹ́ńjìnnì wọn lépo. Abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni bátìrì Ìjàpá wà, níbi tójú ẹnikẹ́ni kì í dé, nítorí náà orí bátìrì rẹ̀ a máa hu funfun láìsí ẹni tó mọ̀. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ a máa jí kíá lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, omi gbígbóná àti búrọ́ọ̀ṣì sì tó láti wò ó sàn.

Àtakò tó le jù lọ ni pé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ a máa purọ́. Òótọ́ ni. Ẹ́ńjìnnì tí táyà ń yí a máa yára ju èyí tí sítátà ń yí lọ. Ẹ́ńjìnnì tí ríǹgì rẹ̀ ti jẹ lè tipa bẹ́ẹ̀ jí, kí olówó ọkọ̀ sì máa bú bátìrì. Òdìkejì rẹ̀ náà wà: nínú ọkọ̀ ayé àtijọ́, sítátà lè fa gbogbo agbára bátìrì tó ti rẹ̀ débi tí kò ní ṣẹ́ kù fún kọ́ìlì tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná. Ẹ́ńjìnnì á máa yí, a ó máa wá ẹ̀sùn sí epo lẹ́sẹ̀, bátìrì ló sì jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ibi tí ẹlẹ́rìí ti ń purọ́ ṣì lè lò ó. Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ kì í kúrò níbẹ̀ láìwo èéfín àkọ́kọ́ tó jáde. Bó bá rí bí àwọ̀ búlúù, ọ́ìlì ti ń bá epo jó, ríǹgì àti ìdè fáàfù ni ká fura sí. Bó bá dúdú, epo ti pọ̀ jù. Á tún béèrè bí ọkọ̀ náà ṣe ń jí lọ́sàn-án, nígbà tó gbóná, nítorí bátìrì tí kò dára kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láàárín àárọ̀ àti ọ̀sán bíi ti epo tí ń sá.

Kì í ṣe ọgbọ́n tó jù ú lọ ló pa gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Owó ni. Lẹ́yìn SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ti 1986, tí náírà já wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun kọjá agbára òṣìṣẹ́, tọ̀kúnbọ̀ gba ìgboro. Púpọ̀ nínú èyí tó ti Amẹ́ríkà wá jẹ́ ọ̀tọ́mátíìkì, ọ̀tọ́mátíìkì kò sì ṣeé tì jí: bí ẹ́ńjìnnì kò bá yí, ọ́ìlì inú jíà kò lágbára, táyà kò rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì. Ṣóòkù lọ pẹ̀lú. Kọ̀ǹpútà tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní bíréènì ló wá ń wọn epo, ohun tí sẹ́ńsọ̀ bá sì sọ fún un ló ń gbà gbọ́. Ìgbà yìí ni ‘ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ rẹ̀ wò’ di àyẹ̀wò. Àwọn tó ń pe mẹkáníìkì wa ní améfò ń sọ òótọ́, àmọ́ ó yẹ kí wọ́n fi kún un pé irinṣẹ́ kan ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó fún un ní òmíràn fún ìgbà pípẹ́.

Àṣà kan tún wà tó yẹ kó bá ṣóòkù lọ, tí kò lọ. Nítorí ẹ̀rù ọkọ̀ tó ń hó, mẹkáníìkì wa a máa yọ tẹmosítáàtì dànù, ilẹ̀kùn kékeré tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná. Ìpalára rẹ̀ kò hàn tó bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀ kàbúrétọ̀. Nínú ọkọ̀ oníkọ̀ǹpútà, ẹ́ńjìnnì á pẹ́ kó tó gbóná, bíréènì á rò pé àárọ̀ ṣì ni, á máa da epo sí i, púlọ́ọ̀gì á dúdú. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, olówó ọkọ̀ á dé pẹ̀lú ẹ̀sùn pé ọkọ̀ òun kì í tètè jí.

A lè ní sìkáánà, ẹ̀rọ tó ń ka bíréènì, ti rọ́pò òkè. Láti 1996 ni òfin Amẹ́ríkà ti fi dandan lé e pé kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tí wọ́n bá tà níbẹ̀ ní ihò àyẹ̀wò OBD-II, àǹfààní rẹ̀ sì bá tọ̀kúnbọ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Bí sẹ́ńsọ̀ bá ń sọ fún bíréènì pé 90 ni ẹ́ńjìnnì tó sùn mọ́jú wà, sìkáánà á tú u fó ní ìṣẹ́jú kan. Kò sí òkè tó lè ṣe ìyẹn. Àmọ́ orí bátìrì tó hu funfun kì í sábà kọ kóòdù kankan. Epo tó sá padà lóru náà kì í sábà kọ ọ́. Sìkáánà ń dáhùn ohun tí bíréènì mọ̀, ìbéèrè tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ń béèrè kò sì sí nínú rẹ̀: ṣé kò yí ni, àbí ó ń yí tí iná kò mú un?

Ohun tó sún mọ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ jù lọ báyìí wà nínú kọ́kọ́rọ́. Láàárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó tan ọkọ̀, mẹkáníìkì á yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù ti tàn, á dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì kí pọ́ǹpù epo lè ti epo wá síwájú, á pa á, á tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, kó tó wá yí i parí. Bí ọkọ̀ bá jí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, tí kì í sì í jí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, epo ló ń sá. Ìdí pọ́ǹpù ni iṣẹ́ wà, kì í ṣe ìdí bátìrì. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ pé pọ́ǹpù ń ké nínú táǹkì, ‘wíín’ kékeré kan tí kì í pẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó ń ná Kútọ̀ àti Láfẹ́nwá lónìí, abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni pọ́ǹpù náà wà, níbi tí Ìjàpá ń gbé bátìrì rẹ̀ sí. Ọ̀gá á ní kí ọmọ-iṣẹ́ gbé etí lé ìjókòó náà, kí gbogbo àwọn tó kù sì dákẹ́.