Ẹ̀wù Irin: Láti Orí Páànù Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó dé Ìbọn Síǹkì

Bí ènìyàn bá gun orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì gíga kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí ó sì bojú wo apá Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, òrùlé páànù ni yóò rí. Òmíràn ṣì ń dán nínú oòrùn. Òmíràn sì ti pọ́n, ó ti dípẹtà. Àlejò tí ó bá rí èyí tí ó pọ́n a máa tètè wí pé àwọn onílé náà kò náání ilé wọn. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ kí á tó dá ẹjọ́ náà. Páànù tí ó pọ́n ní ìtàn lẹ́yìn, ìtàn náà sì ni ti ọgbọ́n tí ó ń gbé afárá, ọkọ̀ ojú omi àti àgbá epo ró ní gbogbo ayé lónìí: ọgbọ́n à ń fi irin kan ṣe ẹ̀wù fún irin kejì.

Ní oṣù Disẹ́ńbà ọdún 1851 ni àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ ọ̀sà Èkó láti lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè. Ọ̀kan nínú wọn, èyí tí a ń pè ní Bloodhound, irin ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀. Ní ti àwọn ilé tí ó dojú kọ, bẹẹrẹ àti ìmọ̀ ọ̀pẹ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn fi bo orí. Kò yani lẹ́nu nígbà náà pé iná jó apá púpọ̀ nínú ìlú. Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sá lọ, wọ́n sì tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí Dòsùnmú ti fi ọwọ́ sí ìwé tí ó sọ Èkó di ti Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1861, a gba Kòsọ́kọ́ láàyè láti padà wálé ní ọdún 1862. Olóyè Òṣòdì Tápà, balógun rẹ̀, ni ó kó àwọn ènìyàn náà jọ sí ilẹ̀ tí a fún wọn, agbo ilé 21 ni wọ́n sì pín sí. Àwọn ará Ẹ̀pẹ́ ni ó tẹ̀dó síbẹ̀, ibẹ̀ sì ni orúkọ àdúgbò náà ti wá.

Àwọn àgbà wí pé ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Ẹwà tí ó bù sí òrùlé Èkó láàárín ọdún wọ̀nyí ni páànù. Ní ọdún 1829 ni Henry Palmer gba ìwé àṣẹ ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù fún irin pẹlẹbẹ tí a ṣẹ́ ní ìṣẹ́po kí ó lè le. Ní ọdún 1837 ni Stanislas Sorel gba tirẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé fún ọ̀nà tí a fi ń ri irin bọ inú síǹkì yíyọ́. Nígbà tí a pa ọgbọ́n méjèèjì pọ̀, a rí òrùlé tí ó fúyẹ́, tí a lè tò jọ gègèrè sínú ọkọ̀ ojú omi, tí iná kò sì lè jó. Lẹ́yìn náà ni ojú irin àti owó kòkó gbé e wọ inú ilẹ̀ Yorùbá, tí ilé onípáànù fi di àmì ọlá.

Ṣùgbọ́n kí ni síǹkì ń ṣe lára irin? Irin a máa gún igi, a máa la òkúta, ṣùgbọ́n kò lè bá omi òun atẹ́gùn jà. Bí iyọ̀ bá tún wọ̀ ọ́, bí ó ti rí ní Èkó tí òkun àti ọ̀sà yí ká, ìpẹtà a máa yára jẹ ẹ́. Síǹkì ni ó ń bo irin láṣírí. Lọ́nà kìíní, ó dúró bí ìbòrí tí kò jẹ́ kí omi kan irin. Lọ́nà kejì, èyí tí ó jinlẹ̀ jù, bí ìbòrí náà bá ya, tí omi sì kan irin àti síǹkì pọ̀, síǹkì ni yóò kọ́kọ́ jẹ, a sì dá irin sí. Ọ̀mọ̀ràn Gẹ̀ẹ́sì kan, Humphry Davy, ti lo irú ọgbọ́n yìí ní ọdún 1824, nígbà tí ó fi síǹkì àti irin dáàbò bo bàbà tí wọ́n fi wé ìdí ọkọ̀ ogun. Nítorí náà, ikú tí ì bá pa irin, síǹkì ni ó ń gbà á kú. Lára páànù, ìbòrí yìí kò nípọn ju ìdá mélòó kan nínú 100 mílímítà kan lọ. Lọ́jọ́ tí ó bá tán ni páànù ń bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Kì í ṣe pé onílé sùn. Ẹ̀wù ni ó gbó.

Páànù rọrùn láti rì bọ inú síǹkì nílé iṣẹ́ kí a tó kó o wá. Báwo ni ti ohun tí ó tóbi ju ìkòkò lọ, tàbí èyí tí ó ti dúró sí ipò rẹ̀? Ní ọdún 1901 ni Afárá Carter so Èkó mọ́ Ìddó. Ta ni yóò tú irú afárá bẹ́ẹ̀ kí ó lè wẹ̀ ẹ́ nínú síǹkì?

Ọmọ ilẹ̀ Switzerland kan, Max Ulrich Schoop, ni ó dáhùn ìbéèrè yìí. Ìtàn tí àwọn oníṣẹ́ ń sọ nípa rẹ̀ ni pé ìbọn ìṣeré ni wọ́n ń yìn lu ògiri lọ́jọ́ kan, tí ó sì ṣàkíyèsí pé ọta òjé náà tẹ́ pẹrẹsẹ, ó lẹ̀ mọ́ ògiri. Ó rò ó pé bí a bá lè fọ́n irin yíyọ́ káàkiri ní ẹ̀kán wẹ́wẹ́, yóò lẹ̀ bákan náà. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1912, ó ti ṣe ìbọn kan tí ń jẹ wáyà síǹkì. Wáyà náà ń wọlé láti ẹ̀yìn. Iná gáàsì ń yọ́ ọ ní ẹnu ìbọn, nítorí síǹkì kò nílò ju 419°C lọ kí ó tó yọ́. Atẹ́gùn líle a sì fẹ́ ẹ lu ara irin bí òjò wínníwínní. Lẹ́yìn rẹ̀ ni a ṣe èyí tí ń fi iná mànàmáná yọ́ wáyà méjì pọ̀, a sì ń fín alumíníọ́mù pẹ̀lú. Tẹ́lẹ̀ rí, irin ni ó ń lọ bá síǹkì nínú ìkòkò. Nísinsìnyí, síǹkì ni ó ń tọ irin lọ sí ibi tí ó dúró sí.

Iṣẹ́ náà kò fẹ́ ìwàǹwára. A ní láti fi òkúta wẹ́wẹ́ tàbí irin wẹ́wẹ́ fọ́n ara irin títí yóò fi mọ́, tí yóò sì rí ṣákiṣàki, nítorí ṣákiṣàki náà ni ẹ̀kán síǹkì ń dì mú. Bí a bá fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì ní etí òkun, ìpẹtà ti tún bẹ̀rẹ̀. Bí a bá fín in tán, a ń fi ọ̀dà dí àwọn ihò kéékèèké inú rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì ń fín in láìbo imú, èéfín síǹkì lè dá ibà sí i lára lálẹ́ ọjọ́ náà.

Èmi kò sọ pé kí a gbé ìbọn yìí gun orí páànù Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Páànù fẹ́lẹ́ jù. Fífọ́n rẹ̀ lásán lè tẹ̀ ẹ́, owó rẹ̀ yóò sì ju ti páànù titun lọ. Afárá, òpó, àgbá epo àti ọkọ̀ ni iṣẹ́ náà tọ́ sí. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n inú rẹ̀ kàn wá. Láti ọdún 1955 ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í wó ọ̀pọ̀ ilé ní àárín Èkó, tí wọ́n ní ó ti di ahéré burúkú, wọ́n sì kó púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn lọ sí Sùúrùlérè. Àwọn kan rí ilé tí ó dára jù níbẹ̀. Àwọn mìíràn pàdánù ọjà wọn àti ẹbí tí ó yí wọn ká. Ojú tí a fi wo ilé gbígbó nígbà náà ni ojú tí àlejò fi ń wo páànù pípọ́n: ó rò pé ohun tí ó gbó ti tán.

Irin kọ́ wa pé kò rí bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ ìpẹtà, egungun lè ṣì le. Ìbéèrè tí ó yẹ kí á kọ́kọ́ bi ni pé, ṣé irin ni ó ti jẹ tán ni, tàbí ẹ̀wù rẹ̀? Bí ó bá jẹ́ ẹ̀wù ni, ẹ jẹ́ kí á wọ̀ ọ́ ní òmíràn níbi tí ó gbé dúró. Àwọn tí ó tẹ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó dó ti sá fún iná lẹ́ẹ̀kan rí. Kò yẹ kí àwọn ọmọ wọn tún fi ilé sílẹ̀ nítorí ìpẹtà.