Igbó Banco ní Àárín Ìlú Abidjan

Àlejò tí ó bá kọ́kọ́ dé Abidjan, tí ó sì rí àwọn ilé gíga Plateau létí ọ̀sà, kò ní tètè gbà pé igbó kìjikìji wà nítòsí ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wà. Igbó Banco ni orúkọ rẹ̀. Ó ju hẹ́kítà ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lọ. Adjamé, Attécoubé, Abobo àti Yopougon ni ó yí i ká. Ẹni tí ó bá wọ inú rẹ̀ yóò bá àwọn igi ńláńlá bí ọ̀gánwó, yóò rí ọ̀bọ lórí ẹ̀ka, yóò sì máa gbọ́ ohùn àtíòro dípò ariwo ọkọ̀.

Báwo ni igbó yìí ṣe bọ́ lọ́wọ́ àáké? Ní ọdún 1904 ni àwọn Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Abidjan lọ sí òkè. Gẹdú jẹ́ ọjà pàtàkì ní ilẹ̀ náà nígbà náà, wọ́n sì ń gé e láìsinmi. Ní ọdún 1926, ìjọba ya Banco sọ́tọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ igbó sì ń dán gbíngbìn igi gẹdú wò níbẹ̀. Ní ọdún 1934, Abidjan gba ipò olú ìlú lọ́wọ́ Bingerville. Ní ọdún 1950, a la ipa omi Vridi, ọkọ̀ òkun sì ń wọ inú ọ̀sà. Èrò wọ́ wá láti ibi gbogbo; àwọn Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní Anango níbẹ̀, kò gbẹ́yìn. Ní ọdún 1953, bí ìlú ti ń gbòòrò, òfin sọ Banco di ọgbà ìpamọ́ ti gbogbo ìlú.

Èrè rẹ̀ kò mọ sí ti ẹyẹ àti ọ̀bọ. Igbó náà ń jẹ́ kí òjò wọlẹ̀ lọ bá omi abẹ́ ilẹ̀ tí Abidjan ń mu. Nínú odò Banco, àwọn alágbàfọ̀ tí wọ́n ń pè ní fanico fi ọ̀pọ̀ ọdún fọ aṣọ ará ìlú.

Síbẹ̀, ewu wà. Ìjọba Côte d'Ivoire fúnra rẹ̀ sọ pé igbó ilẹ̀ náà, tí ó tó hẹ́kítà mílíọ̀nù 16 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, kò pé mílíọ̀nù 3 mọ́ ní ọdún 2021. Gẹdú àti oko kòkó ni ó jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀. Ilé sì ti kan etí Banco.

Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO kà mọ́ ohun ìní aráyé ní ọdún 2005, kò ju hẹ́kítà 75 lọ. Ìbẹ̀rù òrìṣà ni ó kọ́kọ́ ṣọ́ ọ, kí òfin tó dé. Òfin ni ó ṣọ́ Banco ní tirẹ̀. Òfin nìkan kì í sì í pẹ́ lágbára bí ọkàn ará ìlú kò bá sí níbẹ̀.

Àwọn àgbà ní, ọmọ onílẹ̀ a máa tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, àjèjì a máa tẹ̀ ẹ́ basubasu. Àlejò ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń gbé Abidjan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti mu omi tí Igbó Banco ń tọ́jú ti di ọmọ onílẹ̀. Jẹ́jẹ́ ni ó yẹ kí ó máa tẹ̀ ẹ́.